Dókítà Tó Ní Kí Wọ́n Máa Sáré

Sípíkà ṣì ń dún "pín! pín!" lórí koríko, àwọn òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ ìyẹ̀fun kan ní Agége sì ń sáré lọ, wọ́n ń sáré bọ̀, láàárín kóònù pupa méjì. Òógùn ti bò wọ́n, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó fẹ́ kọ́kọ́ jókòó. Dókítà ti ní ẹni tó bá sáré pẹ́ jù lọ ni wọ́n máa fi ṣe olórí àwọn alágbàárù. Làsísì, tó máa ń gbé àpò ìyẹ̀fun bí ẹni gbé ìrọ̀rí, ló wà níwájú. Fàúsát, tó ń di ìyẹ̀fun sínú ọ̀rá, ló kọ́kọ́ bojú wẹ̀yìn.

"Ẹ dúró ná! Dókítà dà?"

Dókítà ò sí lábẹ́ igi máńgòrò mọ́. Àpò dúdú tí gbogbo wọn kó fóònù sí náà ti bá a lọ. Òun ló ní kí wọ́n kó o síbẹ̀, pé fóònù máa ń da ẹ̀rọ tóun fi ń ka bí ọkàn wọn ṣe ń lù rú.

"Yéè!" Làsísì ká ọwọ́ lérí. "Wọ́n ti lù wá ní jìbìtì, a tún ń sáré fún wọn!"

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Fàúsát jókòó sórí koríko, ó bú sẹ́kún. Ìyá rẹ̀ ti kú, inú fóònù yẹn nìkan ni ohùn rẹ̀ ṣẹ́kù sí.

Ní àgọ́ ọlọ́pàá, Inspẹ́kítọ̀ Uswat bi wọ́n léèrè ọ̀rọ̀.

"Kí ló pe ara ẹ̀?"

"Dókítà Olúwarótìmí, ma," Làsísì dáhùn. "Ó ní àwọn ń ṣèwádìí bí ara àwa tá à ń ṣiṣẹ́ agbára ṣe le tó, bí wọ́n ṣe ń ṣe é fáwọn agbábọ́ọ̀lù."

"Ẹ rí káàdì ìdánimọ̀ ẹ̀?"

"Kóòtù funfun la rí, ma."

"Ẹni tó ń ta oògùn eku nínú bọ́ọ̀sì náà ń wọ kóòtù funfun!"

Uswat pe yunifásítì, ó bi wọ́n bóyá ẹnì kan ń ṣe irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ wọn. Kò pẹ́ tí obìnrin kan fi wọlé: Dókítà Oyèníkẹ́, tó ń ṣe irú ìwádìí yẹn ní tòótọ́ láàárín àwọn panápaná àti àwọn eléré ìdárayá. Bó ṣe rí sípíkà tí olè náà fi sílẹ̀, táwọn òṣìṣẹ́ gbé wá sí àgọ́, ó pariwo.

"Tèmi nìyí! Wahab ni. Ó máa ń bá mi ru ẹrù tẹ́lẹ̀, mo lé e nítorí pé ọwọ́ ẹ̀ ò mọ́. Ẹ gbọ́ ná: iléeṣẹ́ àwọn ẹ̀ṣọ́ kan ní Ọ̀gbà pè mí láàárọ̀, wọ́n ní ṣé ọ̀la làwọn èèyàn mi ń bọ̀. Mi ò rán ẹnikẹ́ni síbẹ̀!"

Nígbà tílẹ̀ mọ́, Uswat àti Làsísì ti wọ aṣọ ẹ̀ṣọ́, wọ́n tò sáàárín àwọn ẹ̀ṣọ́ l'Ọ́gbà. Aṣọ Làsísì fún un débi pé bọ́tìnnì ń sunkún, ó sì fa fìlà bojú. Wahab dé pẹ̀lú kóòtù àti fèrè.

"Gbogbo fóònù sínú àpò! Ẹ má da ọkàn yín láàmú!"

Uswat ju tiẹ̀ sí i. Ó fẹ́ kí Wahab gbé àpò náà kọjá géètì kọ́wọ́ tó tẹ̀ ẹ́. Fèrè dún, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sáré, Wahab sì ń yọ́ lọ. Ṣùgbọ́n Làsísì ò lè mú un mọ́ra.

"Dókítà, ṣé ẹ ti ń lọ ni?"

Wahab wẹ̀yìn, ó dá a mọ̀, ó fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Ó fo gọ́tà, ó gba ọgbà àwọn mẹkáníìkì, ó já sójú irin. Ọkọ̀ ojú irin ń bọ̀. Wahab fò kọjá níwájú rẹ̀, ọkọ̀ náà sì dínà mọ́ àwọn tó ń lé e. Nígbà tó fi máa kọjá tán, wọn ò rí ẹnì kankan ní òdìkejì àfi àwọn àgbá epo tó ṣófo.

"Ó ti lọ!" Làsísì fi ẹsẹ̀ janlẹ̀.

"Yá mi ní fóònù," Uswat sọ fún ọlọ́pàá tó tẹ̀ lé wọn. Ó tẹ nọ́ńbà ara rẹ̀. Àgbá kan bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin.

Làsísì fi ọwọ́ kan gbé Wahab jáde nínú rẹ̀. Olè náà ń mí hẹlẹhẹlẹ.

"Ta lo ta fóònù àná fún?" Uswat bi í.

"Ẹnì kan lọ́jà fóònù ní Computer Village, ma. Kò tíì tà wọ́n. Ẹ ṣàánú mi!"

"Báwo lo ṣe mọ̀ pé wọn ò ní rí ẹ tó o bá ń yọ́ lọ?"

Wahab wolẹ̀. "Mo ti wò ó lọ́dọ̀ Dókítà Oyèníkẹ́, ma. Ẹni tó bá ń bá ẹlòmíì díje kì í wẹ̀yìn."

Kí oòrùn tó wọ̀, ọwọ́ ti tẹ ẹni tó rà wọ́n náà, gbogbo fóònù sì wà lórí tábìlì ní àgọ́. Fàúsát gbá tiẹ̀ mú. Ó tẹ̀ ẹ́, ohùn àgbàlagbà kan sì jáde: "Fàúsát, ilẹ̀ ti mọ́ o. Ọlọ́hun ò ní jẹ́ kó o rìn lọ́jọ́ tí ebi ń pa ọ̀nà."

"Àmín!" ni gbogbo àwọn alágbàárù dáhùn. Uswat náà ṣe àmín.

Wahab la ẹnu láti ṣe tiẹ̀ níbi tó jókòó sí nílẹ̀. Uswat wò ó. Ó pa ẹnu náà dé.