Ahọ́n Kẹta Agídìgbo

Mọ̀dínátù gbé ojú lé ibi tí pákó ilẹ̀kùn ti là, ó ń ṣọ́ inú ìsọ̀ bàbá rẹ̀. Búrọ̀dá Festus tún ti wà níbẹ̀. Ó jókòó ti Bàbá pẹ́kípẹ́kí bí ẹni tí wọ́n ń pín ogún fún. Bàbá fi ìka ta irin kan lára agídìgbo tuntun náà, Festus dijú, ó mi orí, ó sì sọ nǹkan kan tí kò dé ìta. Bàbá mú sípánà, ó tú nọ́ọ̀tù, ó tún un dè, ó tún ta á.

"Olè," ni Mọ̀dínátù sọ sínú.

Jàfárù ni orúkọ bàbá rẹ̀, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́. Lọ́dún 1992 yẹn, òun nìkan ló kù tó ń kan agídìgbo ní àdúgbò wọn n'Ígàndò. Yóò fi pákó kan àpótí, yóò gbẹ́ ihò sí i láyà, yóò wá to ahọ́n irin márùn-ún sókè ihò náà, èyí tí olórin máa ń fi ìka ta. Ayùn tó ti kú ló ń gé ṣe ahọ́n. Òun fúnra rẹ̀ ló ń wá ayùn kiri tẹ́lẹ̀, kí Festus tó kó wọ yàrá kan nínú ilé wọn. Ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe férémù ilẹ̀kùn n'Íkẹjà ni Festus wà, ó sì ń bá Bàbá kó ayùn tí wọ́n bá dà nù wálé. Oore nìyẹn o. Ṣùgbọ́n láti bí oṣù mẹ́rin, oore ti wọ inú ìsọ̀, ó sì ti ń tilẹ̀kùn.

Mọ̀dínátù ti bẹ Bàbá títí kó kọ́ òun níṣẹ́ yìí. "Ọwọ́ obìnrin kọ́ la fi ń gé irin. Lọ kàwé rẹ," ni Bàbá wí. Ó kàwé, ó ti wọ SS2, ṣùgbọ́n kò sí ahọ́n tí Bàbá ta rí tí etí rẹ̀ kò mọ̀. Wàyí, àjèjì láti Àkúrẹ́ ni wọ́n ń fún ní ohun tí wọ́n fi du ọmọ bíbí inú. Kí ni wọ́n ń tilẹ̀kùn ṣe bí kì í bá ṣe pé Festus fẹ́ jí iṣẹ́ náà kó lọ sí ilé iṣẹ́ wọn? Bàbá gan-an ti yí padà. Bí Mọ̀dínátù bá kí i láti ẹ̀yìn, kì í dáhùn. Ó dá a lójú pé Festus ló ń ba òun jẹ́ lọ́dọ̀ Bàbá.

Ìbíyẹmí, ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní kíláàsì, ló kọ́ ọ lọ́gbọ́nkọ́gbọ́n. "Dẹ pàkúté fún un jàre. Ba nǹkan kan jẹ́ níbẹ̀, kí o ní òun ni. Ṣebí òun nìkan ló ń wọbẹ̀?"

Ó di Sátidé tó gbẹ̀yìn oṣù, ọjọ́ ìmọ́tótó. Ọkọ̀ kò rìn láàárọ̀ ọjọ́ náà, gbogbo ará ilé sì wà nídìí gọ́tà pẹ̀lú ṣọ́bìrì. Agídìgbo tí Alàgbà Ọdẹ́tọ́lá, olórí ẹgbẹ́ olórin kan l'Áyọ̀bọ̀, fẹ́ wá gbé wà lórí tábìlì. Mọ̀dínátù ju ìgbálẹ̀ sílẹ̀, ó yọ́ wọ ìsọ̀. Ó tú nọ́ọ̀tù ahọ́n kẹta, ó fa irin náà síta díẹ̀, ó tún un dè. Nígbà tó ta á, ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀, kò bá àwọn yòókù mu mọ́. Bàbá yóò gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, inú yóò bí i, òun yóò sì nawọ́ sí Festus. Ó yọ́ jáde, ó tún mú ìgbálẹ̀ rẹ̀.

Nígbà tí ìmọ́tótó parí, Alàgbà Ọdẹ́tọ́lá dé. Bàbá gbé agídìgbo lé itan, ó ta ahọ́n márààrún lọ́kọ̀ọ̀kan, ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ gbọ́ ọ bí? Oyin ni."

Mọ̀dínátù ya ẹnu sílẹ̀. Kò yé e.

Ọdẹ́tọ́lá gba agídìgbo, ó ta á, ó sì fajú ro. "Jàfárù, ahọ́n kẹta yìí ti ṣìnà."

"Ṣìnà kẹ̀? Ó wà bó ṣe yẹ kó wà."

Mọ̀dínátù rí i pé ọ̀rọ̀ ti fẹ́ bọ́ mọ́ òun lọ́wọ́. "Bàbá, ẹ bi Búrọ̀dá Festus," ló wí. "Òun ló wà nínú ìsọ̀ lánàá."

Festus dúró lẹ́nu ọ̀nà, ẹrẹ̀ gọ́tà wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ó wo Bàbá, ó rọra sọ pé, "Bàbá, kì í ṣe bí a ṣe fi í sílẹ̀ lánàá nìyí."

"Kí lo wí?"

Festus tún un sọ, ó gbóhùn sókè. Ọdẹ́tọ́lá wo àwọn méjèèjì títí. "Jàfárù," ló wí, "o ò gbọ́ràn dáadáa mọ́, àbí?"

Bàbá wolẹ̀. "Ogójì ọdún tí mo fi ń lu irin ló fà á. Festus ló ń tẹ dùùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn l'Ẹ́gbẹ́dá, etí rẹ̀ sì mú. Mo bẹ̀ ẹ́ kó máa bá mi gbọ́ ọ, mo sì ní kó búra pé kò ní sọ fún ẹnikẹ́ni."

Ojú ti Mọ̀dínátù, ó wá ilẹ̀ tí yóò wọ̀ tì. Festus ló dẹ pàkúté fún, bàbá rẹ̀ ló mú. Ó kúnlẹ̀, ó jẹ́wọ́, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló mú sípánà. Ó ti irin náà padà, ó ta á, ó tún ti í díẹ̀ sí i, ó tún ta á.

"Ibẹ̀ gan-an ni," Festus wí. "Èmi kì í yára rí i tó bẹ́ẹ̀."

Ọdẹ́tọ́lá gbé agídìgbo rẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ kì í pa nǹkan mọ́. Kí oṣù tó tẹ̀ lé e tó parí, olórin méjì ti ránṣẹ́ pé kí Jàfárù má wulẹ̀ kan tiwọn mọ́. Ẹ̀bẹ̀ kò dá wọn padà. Festus ní òun ti dárí ji Mọ̀dínátù, ṣùgbọ́n ó tó ọjọ́ mẹ́wàá kó tó tún wọ ìsọ̀.

"O ò ṣe kọ́kọ́ bi mí?" Bàbá bi ọmọ rẹ̀.

"Bí mo bá bi yín, Bàbá, ṣé ẹ máa sọ fún mi?"

Bàbá gbé sípánà sílẹ̀. "N kò ní sọ. Ẹ̀bi tèmi nìyẹn. Mo fi àìlera mi pamọ́, mo sì fi iṣẹ́ pamọ́ mọ́ ọn. Ká ní mo kú lánàá, wọn ì bá sin agídìgbo mọ́ mi."

Ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, lẹ́yìn ilé ìwé, ni Bàbá fi ayùn lé Mọ̀dínátù lọ́wọ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gé irin. Ayùn ya á lọ́wọ́ títí ọwọ́ rẹ̀ fi yi, ó sì mọ iṣẹ́ náà nígbẹ̀yìn. Títí di òní, bí ẹnikẹ́ni bá bi í bí ó ṣe di ẹni tó ń kan agídìgbo, kì í fi bò: á ní òun fura, òun kò béèrè, òun sì lé oníbàárà méjì kúrò lọ́dọ̀ bàbá òun. Ìfura loògùn àgbà lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fura tí kò béèrè, ará ilé rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ ṣe léṣe.