Eegun Èjìká Tó Sọnù

Ẹ ti fura, kí n má fi falẹ̀: ọkùnrin yìí fẹ́ràn obìnrin náà, ṣùgbọ́n ó fẹ́ràn ìyìn díẹ̀ jù ú lọ.

Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa to eegun ẹranko ró fún àwọn olùwòran ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga kan. Ọ̀mọ̀wé ni gbogbo ènìyàn ń pè é, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìwé-ẹ̀rí náà kò tíì dé.

Eegun ẹṣin ló ń wá tó fi dé ọgbà bàbá alápatà kan, ló bá bá ọmọ rẹ̀ obìnrin níbi tó ti ń pọ́n ọ̀bẹ.

"Kí lẹ fẹ́ fi eegun ṣe, ẹ̀gbọ́n?"

"Kí ayé lè rí bí ẹṣin ṣe ń sáré ni. Orí ìka kan ṣoṣo ni ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ̀ọ̀kan dúró lé. Ibi tí ẹ rò pé orúnkún ẹ̀yìn rẹ̀ wà yẹn, gìgísẹ̀ ni."

Ọmọbìnrin náà bú sẹ́rìn-ín. "Ìka kan! Èmi tí mo ní márùn-ún, mi ò lè sá bá bọ́ọ̀sì."

Ibẹ̀ ni ìfẹ́ ti wọlé. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni ọmọbìnrin náà fi bá a se eegun, tó fi búrọ́ọ̀ṣì fọ̀ ọ́, tó kọ nọ́ńbà sí i lára. Ọ̀mọ̀wé ń pè é ní "Ìdùnnú mi", ojú rẹ̀ á sì máa dán.

Inú ìyá Ọ̀mọ̀wé nìkan ni kò dùn. "Ọmọ alápatà? Ọwọ́ tó ń gé ẹran, kí ló mọ̀ nípa ìwé?"

Ọjọ́ tí wọ́n ṣí aṣọ lójú eegun ẹṣin tí wọ́n ti tò ró náà, ọ̀gá àgbà ilé-ẹ̀kọ́ yí i po. "Ọ̀mọ̀wé, kí ló dé tí ẹsẹ̀ iwájú yìí ń mì dirodiro?"

Òun fúnra rẹ̀ ló so wáyà ibẹ̀ dẹ̀. Ó mọ̀. Ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀ ń wò ó.

"Eegun tó so èjìká mọ́ àyà ló sọnù, sà. Ọ̀dọ̀ àwọn tó bá wa fọ̀ ọ́ ni."

Ìyá rẹ̀ pòṣé. Ọmọbìnrin náà wo Ọ̀mọ̀wé títí, ó wá tẹrí ba. "Ẹ má bínú, sà. Èmi ni mo sọ ọ́ nù."

Ojú ti Ọ̀mọ̀wé. Lọ́jọ́ kejì, ó sáré lọ bá a.

"Ìdùnnú mi, ìtìjú ń pa mí. Mo purọ́ mọ́ ọ."

"Mo mọ̀. Ẹ lọ sọ bẹ́ẹ̀ fún ìyá yín, ká ṣègbéyàwó lọ́la bí ẹ bá fẹ́."

"Ó di ọjọ́ Àìkú."

Ọjọ́ Àìkú kọjá, òmíràn náà kọjá. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló lanu níwájú ìyá rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló béèrè iyọ̀. Nígbà tó yá, kò jẹun mọ́ rárá. Àánú ṣe ìyá rẹ̀, ó sì gba ọgbà alápatà lọ fúnra rẹ̀.

"Bàbá ìyàwó wa, mo ti gbà kí wọ́n fẹ́ra. Ẹ ṣáà bá mi wá eegun tí ọmọ yín sọ nù. Ìyẹn ló ń ba ọmọ mi nínú jẹ́."

"Eegun wo nìyẹn?"

"Èyí tó so èjìká ẹṣin mọ́ àyà."

Bàbá alápatà nu ọwọ́ rẹ̀.

"Màámi, ẹṣin kò ní irú eegun bẹ́ẹ̀. Ẹran ara ló di èjìká rẹ̀ mú."