Ìwọ̀n Tí Ọbáfẹ́mi Fi Bẹ̀rẹ̀

Ọjọ́ tí Monísọ́lá kọ́kọ́ rí Ọbáfẹ́mi, kì í ṣe ọkọ ló wá lọ. Àbúrò rẹ̀, Gift, ló ń yọ wọ́n lẹ́nu nílé pé òun fẹ́ máa gbé irin, ni màmá wọn bá ní kí ẹ̀gbọ́n lọ wo irú èèyàn tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní irin gbígbé ní Ìkẹ́rẹ́.

Èèyàn náà kò ga, èjìká rẹ̀ ló fẹ̀. Ó ń fi ẹfun ra ọwọ́ ọmọ kan.

"Ẹ kú iṣẹ́, sà. Èmi ni ẹ̀gbọ́n Gift."

"Ẹ ṣeun, mà. Ṣé ẹ̀yin náà fẹ́ gbé irin ni?"

"Ìwé àwọn ọmọ kíláàsì mi ti tó mi í gbé."

Ọbáfẹ́mi rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà wọ Monísọ́lá lára, ó sì mọ̀ pé ó wọ òun lára. Kí òjò ọdún náà tó dá, Gift ti ń gbé irin lọ́dọ̀ rẹ̀, òun àti Monísọ́lá sì ti ń pe ara wọn ní olólùfẹ́.

Ó wá ku màmá. Láti ìgbà tí bàbá wọn ti kú, Màmá Ládélé, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, ni ìyá, àwọn náà ni bàbá. Ohun tí wọn kò bá fọwọ́ sí nínú ilé yẹn, kò lè wáyé.

"Mú wọn wá wo ìdíje Adó," ni Ọbáfẹ́mi wí. "Wọ́n á rí iṣẹ́ ọwọ́ mi."

Wọ́n rí i lóòótọ́.

Bí ìdíje irin ṣe rí nìyí: ẹ̀ẹ̀mẹta ni ọmọ ń gbé e, kóòṣì ló sì ń dá ìwọ̀n tí yóò fi bẹ̀rẹ̀. Wọ́n lè fi kún un, wọn kì í dín in kù. Ẹni tí kò bá rí ẹyọ kan gbé nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, òfo ló mú lọ sílé. Ìdí nìyẹn tí kóòṣì tó bá gbọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ohun tí ọmọ lè gbé lọ́jọ́ tí ara rẹ̀ kò yá pàápàá.

Ọbáfẹ́mi mọ èyí ju orúkọ ara rẹ̀ lọ. Kílò márùndínlọ́gọ́ta ló ti wà lọ́kàn rẹ̀ láti ilé. Àmọ́ ó gbójú sókè, ó rí Màmá Ládélé ní ìjókòó iwájú, gèlè ṣọ́ọ̀ṣì lórí, Monísọ́lá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Ó fẹ́ kí wọ́n patẹ́wọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ni ó bá lọ sọ márùndínláàádọ́rin fún àwọn tó ń ṣètò, ohun tí Gift gbé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo rí.

Gift gbé e, ó já. Ó tún un gbé, ó já. Nígbà kẹta, irin náà kò kọjá orúnkún. Ọmọ náà jókòó sílẹ̀, ó ń sunkún lójú gbogbo ayé.

Bí wọ́n ṣe délé, màmá kọjú sí Monísọ́lá.

"Torí ta ló ṣe gbé èyí tó wúwo tó bẹ́ẹ̀ lé ọmọ mi lọ́wọ́?"

Monísọ́lá lè parọ́. Kò pa á. "Torí yín ni, mà. Ó fẹ́ kí ẹ mọyì òun."

"Ẹni tó fi ọmọ mi ṣe fáàrí kò gbọdọ̀ tẹsẹ̀ bọ ulé yìí."

Monísọ́lá kò jiyàn. Ó fẹ́ràn ọkùnrin náà, inú sì ń bí i sí i, kò sì mọ èwo ló pọ̀ jù. Kò gbé ìpè rẹ̀ mọ́.

Ọyẹ́ ti dé kí Ọbáfẹ́mi tó wá. Ó dá wá, kò mú nǹkan kan dání. Ó dọ̀bálẹ̀ fún màmá níta, wọ́n yíjú kúrò lára rẹ̀. Ó dìde, ó kọjú sí Gift, ó tún dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Gift, fáàrí ni mo ṣe lọ́jọ́ náà, ìwọ ni ó sì dójú tì. Má bínú sí mi."

Kò bèèrè Monísọ́lá. Ó gbọn eruku aṣọ rẹ̀, ó lọ.

"Àgbàlagbà wo ló ń dọ̀bálẹ̀ fọ́mọdé?" ni màmá wí. Lálẹ́, wọ́n tún un wí. Nígbà tí Gift bẹ̀bẹ̀ pé òun fẹ́ padà sídìí irin, wọ́n ní kò burú, ṣùgbọ́n àwọn yóò máa jókòó ti òun àti kóòṣì rẹ̀.

Wọ́n sì jókòó. Lọ́jọ́ ìdíje àwọn ilé ẹ̀kọ́, màmá pe Ọbáfẹ́mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Èló lẹ fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀?"

"Méjìléláàádọ́ta, mà."

"Ṣé kò kéré jù?"

"Ó kéré, mà. Ṣùgbọ́n ó dá mi lójú. Tó bá gbé e, a ó fi kún un."

Gift gbé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ipò kẹta ló ṣe, ó sì ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tó ṣe ipò kìíní. Màmá ní kí Ọbáfẹ́mi kí àwọn ará ilé rẹ̀.

Ìyẹn ni Ọbáfẹ́mi dì mú tó fi wá lọ́jọ́ Sátidé kan, òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀, pẹ̀lú iṣu díẹ̀. Monísọ́lá wà ní kíṣínì, ó ń bẹ iṣu tiwọn, etí rẹ̀ wà ní pálọ̀.

"Kí lẹ bá wá?" ni màmá bèèrè.

"Àyè ni mo wá tọrọ, mà, kí n máa yà kí Monísọ́lá lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Ìsinmi. Ìyẹn nìkan."

Ọ̀bẹ Monísọ́lá dúró lórí iṣu. Ẹ̀rù bà á, nítorí ó mọ̀ pé bí màmá bá sọ pé rárá lónìí, rárá náà ni títí.

"Ọbáfẹ́mi."

"Mà."

"Èyí tó o fi bẹ̀rẹ̀ yìí kéré."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"O ti gbé e. Fi kún un."

Ọbáfẹ́mi bẹ̀rẹ̀ sí í tọrọ Monísọ́lá fún aya. Kó tó sọ ọ́ tán, Monísọ́lá ti fi ọ̀bẹ sílẹ̀ lórí iṣu, ó ti wà lẹ́nu ọ̀nà pálọ̀.