No Puncture Fẹ́ Táyà Rírọ̀

Gbà-ú! Gbà-ú!

Ọ̀sán gangan ni, lọ́jọ́ Sátidé, ní New Haven, nílùú Enugu. Gíláàsì ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta góòlù fọ́ yángá!

"Face ground! Who raise head, I go comot am!"

Ẹni tó ń pariwo yìí, Tiwaladé ni bàbá rẹ̀ sọ ọ́. Ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí Enugu ni. Ṣùgbọ́n No Puncture ni gbogbo ìlú ń pè é. Òun àti Felix ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni gbogbo ẹgbẹ́ olè náà, torí pé èèyàn méjì péré ni mọ́tò wọn ń gbà.

Mọ́tò ọ̀hún rèé níwájú ṣọ́ọ̀bù. Spọ́ọ̀tì káà ni, pupa fòò, ó balẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí adìyẹ fi lè fò ó kọjá. Ṣe ni wọ́n jí i wá láti Èkó.

Wìì-wọ̀ọ̀! Wìì-wọ̀ọ̀! Àwọn ọlọ́pàá dé!

Bí Sájẹ́ǹtì Mark ṣe fojú kan mọ́tò pupa náà, ó sọ̀ kalẹ̀, ó lọ dúró sẹ́yìn ọkọ̀ ọlọ́pàá.

"Madam, na that motor be that o! Bullet no dey kill him tyre. I get wife!"

Inspẹ́kítọ̀ Motọ́lání ni Madam. Ọmọ Ìlá ni, ọdún kẹta rẹ̀ ní Enugu nìyí. Ọ̀rọ̀ Mark pa á lẹ́rìn-ín.

Lọ́jọ́ Túsidé tó kọjá, lọ́nà Awkunanaw, ó yìnbọn lu táyà mọ́tò yìí lẹ́ẹ̀mejì. Ó fojú ara rẹ̀ rí i tí táyà náà tẹ̀ pẹlẹbẹ. Síbẹ̀ mọ́tò ò dúró! Vùùùù! Ó lọ!

Láti ọjọ́ náà ni àwọn ará ìlú ti ń sọ pé oògùn ni. Ọ̀gá Motọ́lání ò sọ ti oògùn ní tiẹ̀. Ó ní ìbọn ni Motọ́lání ò mọ̀ ọ́n yìn.

"Bí wọ́n bá tún bọ́ mọ́ ọ lọ́wọ́," ọ̀gá wí, "kó ìbọn ẹ sílẹ̀, kó o wá jókòó sí káńtà, kó o máa kọ orúkọ àwọn tí fóònù wọn sọnù."

Káńtà! Obìnrin tó ti ń gbé ìbọn láti ogún ọdún!

Ṣùgbọ́n láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé yìí gan-an, Oyèbísí wá kan ilẹ̀kùn ilé rẹ̀. Oyèbísí ló ń ta táyà ní Ogui, ṣọ́ọ̀ṣì kan náà ni àwọn méjèèjì ń lọ. Ó ń yí táyà kan bọ̀ nílẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀, Inspẹ́kítọ̀. Iṣẹ́ ọwọ́ yín rèé."

Ihò ìbọn méjì ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà náà!

"Ibo lẹ ti rí i?"

"Ọ̀gbẹ́ni kan ló gbé mọ́tò pupa wá lánàá. Ó ní táyà òun le jù, ó ń mú kí ìbàdí máa dun òun nínú kòtò Enugu, kí n fi èyí tó rọ̀ sí i. Mo ní, ọ̀gá, run-flat nìyí o! Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ nípọn. Bí afẹ́fẹ́ bá tán nínú ẹ̀, ó ṣì máa gbé mọ́tò rìn. Táyà lásán, ọjọ́ tó bá jò, ó jò nìyẹn."

"Kí ló wá sọ?"

"Ó fi mí rẹ́rìn-ín! Ó ní kì í ṣe táyà, oògùn òun ni. Ó tún na ọwọ́ sí òǹdè kan tó so mọ́ ibi tó fi ń darí mọ́tò. Mo bá bọ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fún un, mo fi táyà lásán sí i! Ìgbà tí mo ń kó wọn wọlé ni mo tó rí ihò."

"Ẹ̀rù ò bà yín?"

"Ẹ̀rù kí ni? Mo sọ òótọ́ fún un. Kò gbọ́."

Ìdí nìyí tí Motọ́lání fi rẹ́rìn-ín nígbà tí Mark sá sẹ́yìn ọkọ̀.

"Mark, go meet your wife! Kàbírù, máa wà á lọ!"

Kàbírù tó ń wa ọkọ̀ ọlọ́pàá ń gbọ̀n. "Oògùn yẹn ńkọ́, mà?"

"Oògùn ti wà nílé mi. Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ni mo gbé e sí."

Vùùùù! No Puncture ti gbéra! Gbò-gbò-gbò ni ọkọ̀ ọlọ́pàá ń sáré tẹ̀ lé e. Àwọn kẹ̀kẹ́ Màrúwá ń yà sọ́tùn-ún, wọ́n ń yà sósì, àwọn tó ń wà wọ́n ń ṣépè fún olè àti ọlọ́pàá pọ̀.

Kí n má parọ́, ká ní No Puncture kàn sá lọ ni, ìtàn tán. Ta ló máa lé e bá? Àmọ́ ìgbéraga ò jẹ́. Nígbà tó dé Ogui, ó tẹ bíréèkì. Kíììì! Ó kọ ẹ̀yìn mọ́tò sí àwọn ọlọ́pàá, ó yọ orí síta.

"Aunty Police! See tyre! Ẹ yìn ín, mà! I wan hear as e go sound!"

Àwọn ènìyàn rọ́ wọ ṣọ́ọ̀bù. Motọ́lání sọ̀ kalẹ̀, ó fi orúnkún kan kúnlẹ̀ sórí ọ̀dà. Bó bá tàsé, káńtà ni!

Gbà-ú!

Fíììììì...

"No puncture!" Tiwaladé hó yèè, ó sì tẹ iná mọ́tò mọ́lẹ̀.

Gbì! Gbì! Gbì! Táyà ya pẹ́rẹpẹ̀rẹ! Kẹrẹrẹrẹrẹ! Irin kan ọ̀dà, iná ń ta pàrà! Mọ́tò yí bírí, ó ki imú bọ gọ́tà. Gbàgà!

Felix fò jáde, ó ṣí búùtù.

"Spare dey where? No Puncture, where spare?"

Àpò góòlù nìkan ló wà níbẹ̀. Àwọn tó ṣe mọ́tò náà ò fi spare sí i rí. Kí ni ẹni tó ní run-flat fẹ́ fi ṣe? Felix dọ̀bálẹ̀ fúnra rẹ̀, kò dúró de ẹni tó máa sọ fún un.

No Puncture ṣì wà nínú mọ́tò, ó ń gbọn òǹdè rẹ̀ bí ẹni ń gbọn fóònù tí kò ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì. "Work! Work now!" Ibẹ̀ ni Kàbírù ti kó ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ sí i lọ́wọ́, Kàbírù tó ń gbọ̀n lẹ́ẹ̀kan!

Ní àgọ́ ọlọ́pàá, ẹnu No Puncture ò tíì wálẹ̀. "Na sleep the medicine dey sleep! When e wake, una go see!"

Motọ́lání lọ sílé, ó yí táyà oníhò náà dé. Ọ̀gá rẹ̀ jáde wá. Ó ki ìka bọ ihò àkọ́kọ́, ó ki í bọ èkejì. Ó gbé àga tó ti gbé sí káńtà, ó dá a padà síbi tó ti mú un.

Motọ́lání yí táyà lọ sẹ́nu ọ̀nà sẹ́ẹ̀lì.

"Tiwaladé!"

Ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti pè é bẹ́ẹ̀. Ó wòkè.

"Oògùn ẹ rèé. Ìwọ fúnra ẹ lo ní kí wọ́n bọ́ ọ."

Ó wo ihò méjèèjì. Ó wo ẹ̀gbẹ́ táyà tó nípọn. Ọ̀rọ̀ Oyèbísí ṣẹ̀ṣẹ̀ wá wọ̀ ọ́ létí. Ó di ìbàdí rẹ̀ mú, ó rọra jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ sẹ́ẹ̀lì.

Ilẹ̀ náà sì le ju táyà lọ.