Oòrùn Méjì sí Lọ́ńdọ̀nù

Ní ọdún 1978, ní Ìsẹ́yìn, Ládòkun wá gba aṣọ òkè ìyá rẹ̀ ní ilé Bàbá Ràsáàkì, ahunṣọ. Lọ́ńdọ̀nù ni ó ti ń ṣe iṣẹ́ mẹkáníìkì. Ó wá sinmi nílé ni. Òwú tí a ta sílẹ̀ gbọọrọ níwájú òfì ni ó fẹ́ gbà kọjá.

“Ará Lọ́ńdọ̀nù, ẹ má fi bàtà tẹ òwú bàbá mi,” ni Àrínọlá, ọmọ bàbá náà, wí.

“Ẹ forí jì mí. Mo ti gbàgbé bí wọ́n ṣe ń rìn nílé.”

“A ó kọ́ yín.”

Láti ọjọ́ náà ni ìfẹ́ ti wọ̀ wọ́n lára. Kí ọ̀sẹ̀ mélòó kan tó kọjá, àwọn ẹbí Ládòkun ti wá tọrọ Àrínọlá.

Ìdílé Bàbá Ràsáàkì ní òfin kan: wọn kì í fi ọmọbìnrin fún ọkọ ní ìlú tí a kò lè fi oòrùn kan rìn dé, ìyẹn láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Ẹ̀gbọ́n bàbá náà obìnrin ti wà nílé ọkọ ní Kùmásì, nílẹ̀ Gánà, nígbà tí ìyá wọn kú. Wọ́n sin ìyá náà lọ́jọ́ tó kú, gẹ́gẹ́ bí ẹ̀sìn Ìsìláàmù ti wí. A ti ṣe àdúrà ọjọ́ kẹjọ tán kí ọmọ rẹ̀ tó dé. Ìdí òfin náà nìyẹn.

“Báwo ni Lọ́ńdọ̀nù ṣe jìnnà tó?” ni Bàbá bi Ládòkun.

“Bàbá, ó lé díẹ̀ ní ẹgbẹ̀rún mẹ́ta máìlì. Ṣùgbọ́n wákàtí mẹ́fà àti díẹ̀ ni ọkọ̀ òfuurufú ń lò.”

“Wákàtí mẹ́fà? Oòrùn ò tíì wọ̀ nìyẹn.”

Bàbá gbà. Inú gbogbo ilé dùn.

Ọkàn Àrínọlá nìkan ni kò balẹ̀. Ó fẹ́ràn Ládòkun gidigidi, síbẹ̀ ó mọ̀ pé láti Èkó ni wọ́n ti ń ka wákàtí mẹ́fà náà. Nígbà tí ọjọ́ yìgì kù sí dẹ̀dẹ̀, ó lọ kúnlẹ̀ níwájú bàbá rẹ̀.

“Bàbá, ọkọ̀ òfuurufú kì í wá gbé èèyàn ní Ìsẹ́yìn. A ó kọ́kọ́ wọkọ̀ dé Ìbàdàn, a ó wọ òmíràn dé Èkó, a ó sùn síbẹ̀. Oòrùn méjì ni.”

Bàbá dáwọ́ iṣẹ́ dúró. Ó ránṣẹ́ pe Ládòkun.

“Ìwọ, ṣé o mọ̀ pé oòrùn méjì ni?”

“Mo mọ̀, Bàbá. Ẹ̀rù ló ń bà mí pé ẹ kò ní fún mi.”

Bàbá yíjú sí ọmọ rẹ̀. “Ṣé o mọ̀ pé ọ̀rọ̀ tí o sọ yìí lè gba ọkọ lọ́wọ́ rẹ?”

“Mo mọ̀. Ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ kí ẹ máa retí mi lọ́jọ́ tí mi ò lè dé.”

“Wọ́n sọ fún ẹ̀gbọ́n mi pé Kùmásì ò jìnnà,” ni ó wí. “Àrínọlá, ìwọ mọ bí ibi tí ò ń lọ ṣe jìnnà tó, mo gbà kí o lọ. Ládòkun, má dín ọ̀nà kù fún mi mọ́.”

Ládòkun dọ̀bálẹ̀, ó tọrọ àforíjì. Wọ́n so yìgì náà.

Ní àárọ̀ tí tọkọtaya náà ń lọ, wọ́n bá Bàbá Ràsáàkì nínú ọkọ̀ Ìbàdàn. Ó ti jókòó, ó gbé àpò lé itan.

“Bàbá, níbo lẹ ń lọ?” ni Àrínọlá bi í.

“Èkó. Oòrùn kan ni agbára mi gbé. Ti ọ̀la, kí ọkọ rẹ mú ọ rìn ín.”

Àrínọlá wọ ọkọ̀, ó jókòó sí àárín bàbá àti ọkọ rẹ̀.