Ọ̀dà Pupa Ọ̀nà Glei

Dúrósinmí ọmọ Ògúnkọ̀yà ni wọ́n nà pa lójú ọ̀nà Glei nígbà ọyẹ́ ọdún 1931. Gbogbo ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ ni pé ó jókòó sinmi lẹ́nu iṣẹ́ túláàsì tí ìjọba Faransé ń kó àwọn ènìyàn ṣe. Wọ́n bò ó mọ́lẹ̀ níbi tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀, wọ́n ní ó sá lọ sí ilẹ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì ń ṣàkóso nítòsí ni.

Àpọ̀kẹ́, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, ló ń kun ògiri fún gbogbo agbègbè Atakpamé. Àwọ̀ tó bá ti fojú rí, ó lè pò ó. Ìdí nìyẹn tí Raymond, òyìnbó ọ̀gá iṣẹ́ ọ̀nà náà, fi ránṣẹ́ pè é. Òyìnbó yìí a máa fi igi fífúyẹ́ gbẹ́ ọkọ̀ òfuurufú kéékèèké. Ó ń wá pupa kan tí yóò fi kùn wọ́n, tí kò sí nínú agolo ọ̀dà tó ti ilẹ̀ rẹ̀ wá: pupa ojú ọ̀nà Glei gan-an.

Hilaire, gáàdì rẹ̀, ló lọ wa erùpẹ̀ ojú ọ̀nà náà wá. Erùpẹ̀ náà lọ́ wọ́ọ́rọ́ bí ara ẹni tí ibà ń ṣe.

“Hilaire ọmọ Fágbénró, ta lo tọrọ erùpẹ̀ yìí lọ́wọ́ rẹ̀?” ni Àpọ̀kẹ́ bi í.

Nílé Àpọ̀kẹ́, wọn kì í wa erùpẹ̀ ọ̀dà láìkọ́kọ́ kí òkú tó wà nínú ilẹ̀ náà, kí wọ́n sì fi omi tútù tù ú.

Gáàdì rẹ́rìn-ín. “Ìyá ọlọ́dà, ṣé kí n máa kí kòtò ni? ‘Kòtò, ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o’?”

Àpọ̀kẹ́ fi aṣọ ku erùpẹ̀ náà. Eyín kan ṣẹ́kù sórí aṣọ, eyín iwájú tó sán lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, bíi ti Dúrósinmí láti ọjọ́ tó já bọ́ lórí igi ìyeyè.

“Níbo lo ti wà á?”

Ojú Hilaire yẹ̀. “Eyín ajá ni. Po ọ̀dà.”

Ó yẹ kí Àpọ̀kẹ́ bu omi tútù tu òkú náà. Kò bù ú. Ó da òróró sí erùpẹ̀ náà, ó lọ̀ ọ́ kúnná, ó fi díẹ̀ sórí èékánná rẹ̀, ó dúró kí ó gbẹ, torí àwọ̀ a máa yí bó bá gbẹ. Èyí kò yí. Ó ń lù kì-kì-kì lórí èékánná rẹ̀ bí iṣan ọrùn.

Raymond fúnra rẹ̀ ló fi kun ọkọ̀ kan. Ó ń súfèé, Hilaire àti Àpọ̀kẹ́ dúró ń wò ó. Àfi bí ìyẹ́ ọkọ̀ náà ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í wú. Ojú ẹgba kan yọ, òmíràn dábùú rẹ̀, wọ́n là, ẹ̀jẹ̀ sì ń kán sórí tábìlì.

Apá ọ̀tún Hilaire gbé ẹgba sókè fúnra rẹ̀.

“Ọ̀gá, kì í ṣe èmi o!”

Ẹgba bà lé Raymond lẹ́yìn. Ẹ̀wù ya, awọ ya. Hilaire fi eyín bu apá ara rẹ̀ jẹ títí egungun fi hàn, apá náà kò gbọ́. Bó ṣe na Dúrósinmí lójú ọ̀nà Glei náà ló ń na Raymond níbí: ẹ̀yìn, orí, ẹnu. Eyín òyìnbó fọ́n sílẹ̀.

“Ìyá, ẹ gbà mí! Ẹ bá mi bẹ àbúrò yín!” ni Hilaire ké.

“Sọ ibi tí ẹ gbé e sí, kí n lọ gbé àbúrò mi wálé.”

Hilaire la ẹnu láti sọ ọ́. Erùpẹ̀ pupa ló kún un dé ọ̀fun. Raymond kò mira mọ́. Ẹgba ṣì ń lọ sókè, ó ń bọ̀ wá sílẹ̀.

“Ibo lẹ sin Dúrósinmí sí?”