Èjì Tí Ẹnikẹ́ni Ò Kà

Ọwọ́ Onídìrí méjèèjì wà nínú ìhó ọṣẹ lórí oníbàárà rẹ̀ nígbà tí fóònù rẹ̀ ké lórí tábìlì. Aago méje àárọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ lù. Ó mọ ibi tó ti wá láìwò ó. Ilé ìwòsàn ni. Àtẹ̀jíṣẹ́ tí wọ́n máa ń fi ránṣẹ́ láràárọ̀ sí àwọn tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún ni.

"Ẹ kú ìdìde o. Ọjọ́ kẹtàdínlógún rèé. Ẹ má gbé ohun tó wúwo. Ẹ tẹ 1 bí ara bá ń le. Ẹ tẹ 2 bí ìrora bá pọ̀, bí ara bá ń gbóná, tàbí bí omi bá ń jáde lójú ọgbẹ́."

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí wọ́n ń kí kú ìdìde ti lo ọjọ́ mọ́kànlá nínú ilẹ̀.

Ó pòṣé, ó ń fọ orí lọ. Fóònù tún ké, ìró kékeré tó máa ń dún bí èèyàn bá fi iṣẹ́ ránṣẹ́. Ó nu ọwọ́ sí aṣọ, ó wò ó. Èsì ti jáde lọ láti inú fóònù òun fúnra rẹ̀: 2.

Ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn án. Oníbàárà ní, "Àǹtí, ọṣẹ ń ta mí lójú o." Kò gbọ́.

Awakọ̀ tírélà ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ yìí. Ìpá ló ń yọ ọ́ lẹ́nu, dókítà sì sọ pé iṣẹ́ abẹ kékeré ni. Lọ́jọ́ kejì tí wọ́n ní kó máa lọ sílé, nọ́ọ̀sì béèrè nọ́ńbà fóònù. Awakọ̀ na ìka sí àbúrò rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín. "Tirẹ̀ ni kí ẹ kọ. Òun ni bàbá wa rán níléèwé. Èmi ò rí nǹkan kan kà ju ojú títì lọ."

Àárọ̀ ọjọ́ kẹta, Onídìrí tẹ 1. Lọ́jọ́ kẹrin, ara awakọ̀ gbóná bí irin tó wà lórí iná. Ó tẹ 2. Èsì dé wéré: "A dúpẹ́. A ti rí i. Ẹ máa tọ́jú ara yín." Inú rẹ̀ dùn. Ó fi han ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pé wọ́n ti rí i. Lọ́jọ́ karùn-ún, ojú ọgbẹ́ ń rùn bí aṣọ tútù tí wọ́n ká pamọ́ sínú àpótí. Ó tún tẹ 2. "A dúpẹ́. A ti rí i."

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká kúkú lọ."

"Wọn ì bá ti pè, ká ní ó le," ni awakọ̀ wí, eyín rẹ̀ ń gbá ara wọn. "Aláìsàn kì í bá dókítà jiyàn."

Lọ́jọ́ kẹfà, ó tẹ 2 lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Nígbà tó fi máa rí ọkọ̀ dá dúró, tí wọ́n fi máa dé géètì ilé ìwòsàn, awakọ̀ ti dákẹ́.

Látìgbà náà, ìbínú ti jókòó sí Onídìrí láyà bí òkúta ààrò. Kò sunkún. Àwọn tó wá kí i kú ará fẹ́ra kù sọ fún un pé ìbínú ò da nǹkan fúnni, pé sùúrù ni baba ìwà. Ó wò wọ́n lójú kòrókòró. "Sùúrù náà ló pa ẹ̀gbọ́n mi." Inú ń bí i sí ilé ìwòsàn, inú sì ń bí i sí àtàǹpàkò òun fúnra rẹ̀, èyí tó ń tẹ nọ́ńbà nígbà tó yẹ kí ẹsẹ̀ máa sáré.

Èsì tó jáde láàárọ̀ yìí ló wá gbé e dìde. Ó ṣan orí oníbàárà rẹ̀, ó fi aṣọ wé e, ó ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, ó gba ilé ìwòsàn lọ. Nígbà tó dé géètì, ó pa fóònù, ó sọ ọ́ sínú báàgì. Kò fẹ́ kó ké mọ́.

Yàrá tí wọ́n júwe fún un wà ní ìsàlẹ̀ ọ̀dẹ̀dẹ̀, lẹ́yìn ibi tí wọ́n ń kó àwọn ibùsùn tó ti kán sí. Akọ̀wé kan tó wọ awò ojú ló wà níbẹ̀, òun àti kọ̀ǹpútà kan àti ife tíì.

"Ta ló ń ka èsì tí à ń fi ránṣẹ́?"

"Ẹ káàárọ̀ mà. Ẹ jókòó."

"Mi ò jókòó. Ta ló ń kà á?"

Akọ̀wé gbé ife sílẹ̀. "Ẹ̀rọ ló ń fi iṣẹ́ ránṣẹ́, mà. Òun náà ló ń dáhùn."

"Mo gbọ́. Ta ló ń kà á?"

Ọkùnrin náà wo ilẹ̀. Ohùn rẹ̀ wálẹ̀. "Nọ́ọ̀sì kan ló ń kà á tẹ́lẹ̀. Wọ́n ti gbé e lọ sí wọ́ọ̀dù mìíràn láti ìgbà òjò tó kọjá. Wọn ò tíì fi ẹnì kankan rọ́pò rẹ̀."

Onídìrí fi àtẹ́lẹwọ́ gbá tábìlì, tíì dà sílẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n mi ń jẹrà lórí ibùsùn, ẹ̀rọ yín ń sọ fún mi pé ẹ ti rí i! Ojú wo lẹ fi rí i? Ẹ dá mi lóhùn. Ojú wo?"

Akọ̀wé béèrè nọ́ńbà rẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà, ojú rẹ̀ sì yí padà. "Mà, ẹ ò tíì dá èsì dúró. Ojoojúmọ́ lẹ ń fi ránṣẹ́."

Ó yí ojú kọ̀ǹpútà sí i. Lẹ́yìn ọjọ́ kẹfà tí awakọ̀ kú, èsì ṣì ń wọlé láti orí nọ́ńbà Onídìrí ní aago méje gééré. 2. 2. 2. Láti ọjọ́ kẹtàlá, ọ̀rọ̀ tí fóònù rẹ̀ kò fi hàn án ti wà lẹ́yìn nọ́ńbà náà. *Ilẹ̀ tutù. Ẹ kà á. Ẹ kà á.* Ọ̀rọ̀ ẹni tí kò mọ lẹ́tà kankan kọ láyé rẹ̀.

Bí wọ́n ṣe ń wò ó, ìlà tuntun jáde nísàlẹ̀. *Ẹ ṣí ti àwọn yòókù.*

Onídìrí yọ fóònù nínú báàgì. Ó dúdú, ó tutù, pípa ló wà. Yàrá náà sì ti kún fún òórùn aṣọ tútù tí wọ́n ká pamọ́.

"Ṣí i," ló wí.

Akọ̀wé ṣí i. Èjì ni, láti òkè délẹ̀, èjì tí ẹnikẹ́ni ò kà, ó lé ní igba. Ti òní nìkan jẹ́ mẹ́rin. Ẹni àkọ́kọ́ nínú wọn jẹ́ obìnrin kan tí wọ́n fi iṣẹ́ abẹ gbẹ̀bí rẹ̀ lọ́jọ́ márùn-ún sẹ́yìn. Ọjọ́ mẹ́ta ló ti ń tẹ 2.

"Pè é."

"Mà, ó yẹ kí n kọ́kọ́ sọ fún ọ̀gá."

"Pè é kí n tó gbé ẹ̀rọ yìí là ọ́ lórí!"

Ó pè é, ó ṣí ohùn rẹ̀ síta. Kò ké ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ohùn obìnrin kan jáde, tín-ín-rín, bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ láti inú oorun. "Ẹ̀yin lẹ pè yìí? Wọ́n ní ẹ máa pè."

"Ta ló ní bẹ́ẹ̀?"

"Bùrọ̀dá tí ẹ rán wá. Àtàárọ̀ ni wọ́n ti jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Bí oorun bá ti fẹ́ gbé mi lọ, wọ́n á gbá ilẹ̀kùn, wọ́n á ní kí n má sùn, pé ẹ̀ ń bọ̀. Ara àwọn náà ò yá, àbí? Wọ́n fọwọ́ di abẹ́ ikùn mú. Erùpẹ̀ kún aṣọ funfun wọn."

"A ò rán ẹnikẹ́ni," ni akọ̀wé sọ wúyẹ́wúyẹ́.

Onídìrí wò ó. Akọ̀wé dìde, ó sáré jáde lọ wá ọkọ̀ tó máa gbé obìnrin náà.

Ó wá ku Onídìrí nìkan. Ìbínú mìíràn tún ru sókè nínú rẹ̀, tó ga ju ti àkọ́kọ́. Ọjọ́ mọ́kànlá! Ilé àjèjì ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ jókòó sí, kò yà sọ́dọ̀ òun. "Ẹ gbé fóònù fún wọn," ló wí. "Ẹ sọ fún wọn pé àbúrò wọn ni."

Ó gbọ́ bí aṣọ ṣe ń wọ́ nílẹ̀. Ó gbọ́ tí ọmọ tuntun ké díẹ̀, tó dákẹ́.

"Wọ́n ní àwọn ò ní gbà á. Wọ́n ní bí àwọn bá gbọ́ ohùn yín, àwọn ò ní lè rìn mọ́." Obìnrin náà mí kanlẹ̀. "Wọ́n ní kí n sọ fún yín pé inú ń bí àwọn. Inú ń bí àwọn gan-an. Ṣùgbọ́n wọ́n ní kì í ṣe sí yín."

Onídìrí di etí tábìlì mú, omijé tí kò jáde láti ọjọ́ ìsìnkú bẹ̀rẹ̀ sí í já bọ́ sínú tíì tó dà sílẹ̀.

"Wọ́n ti dìde, àǹtí. Wọ́n ń lọ o."

"Níbo?"

"Wọ́n ní ẹni kejì tó tẹ 2 láàárọ̀ yìí ò lè na ọwọ́ dé ìdí fóònù mọ́."

Onídìrí fa àga akọ̀wé, ó jókòó, ó wá nọ́ńbà kejì kàn, ó sì pè é. Ó ké títí. Nígbà tí ìpè náà wọlé fúnra rẹ̀, kò gbọ́ ohùn èèyàn kankan. Ìró ilẹ̀kùn tí ẹnì kan ń fi ìkúùkù lù lókèèrè ló gbọ́, gbà, gbà, gbà, ìlù ẹni tí inú ń bí.